Ta ni ọ̀gá jù lọ nínú jiu-jitsu Bràsíl, ìjàkadì tí wọ́n ti ń fún ara wọn lọ́rùn, Roger Gracie àbí Buchecha?

Tó bá jẹ́ iye wúrà lẹ fẹ́ kà, Marcus "Buchecha" Almeida ni. Ó gba 13 nínú ìdíje àgbáyé IBJJF, àjọ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, láàárín àwọn oníbẹ́líìtì dúdú. Roger gba 10. Síbẹ̀, Roger ni mo máa mú. Ní ADCC 2005, ìdíje níbi tí wọn kì í ti í wọ gi (aṣọ ìjàkadì tó nípọn), ẹni 8 ló bá jà, gbogbo wọn ló sì mú kí wọ́n gbà pé ó tán. Nígbà tí òun àti Buchecha pàdé ní Rio ní 2017, Roger gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi kọ́là gi fún un lọ́rùn.

Ìfúnlọ́rùn tí Roger fi lókìkí jù, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹ gun àyà ẹni náà, ẹ ti ìka mẹ́rin bọ inú kọ́là títí dé ẹ̀yìn ọrùn, ẹ ti àtàǹpàkò ọwọ́ kejì bọ ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wá rẹ orí sílẹ̀ kí ẹ sì fa ìgbúnwọ́ méjèèjì wálé. Bí ọwọ́ àkọ́kọ́ ò bá wọlé tó, àgbọ̀n lẹ ó kàn máa tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa lọ sórí. Àwọn alátakò Roger mọ ohun tó ń bọ̀, wọn ò kàn rí i dá dúró ni.

Láìwọ gi, ẹ tún gbọ́dọ̀ dárúkọ Gordon Ryan àti Marcelo Garcia. Marcelo ò tó kìlò 77, síbẹ̀ ó dé àṣekágbá ìsọ̀rí tí kò ka ìwọ̀n sí ní ADCC 2007.