Ẹ Má Gbé Ìwé Àwọn Baba Wa Lọ Sọ́dọ̀ Ẹni Tó Ń Lámínéètì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní Kàdúná. Àwọn baba wa tó bá rélùwéè dé, àtàwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, fi àpótí kan sílẹ̀ fún wa: ìwé ìpàdé, fọ́tò, lẹ́tà, ìwé owó ẹgbẹ́. A fẹ́ kó wọn fún láíbìrì yunifásítì. A ti ṣa àwọn tó ṣe pàtàkì jáde, ó wá ku ká lámínéètì wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́. Ṣé àwa la máa ṣe é, àbí láíbìrì?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ dúró ná. Bí àpótí yẹn bá ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lámínéètì, ẹ sáré lọ gbà á padà kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ. Láíbìrì kò ní ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é. Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí títí, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà jù ló ń fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́. Sátífíkéètì ló kọ́ wa ní àṣà yìí: a gbà á lónìí, a lámínéètì rẹ̀ lọ́la, a wá rò pé ohun tó bá ti ń dán ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe. Gọ́ọ̀mù wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Iná á yọ́ gọ́ọ̀mù náà, á wọnú ìwé, tó bá sì tutù tán, ìwé àti ọ̀rá ti di ọ̀kan. Ó ṣòro gan-an láti yà wọ́n láìfa ìwé ya. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, pàápàá ẹsasáìsì olówó pọ́ọ́kú, ní ásíìdì nínú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Òun ló ń sọ ewé di pupa rúsúrúsú tó fi ń rún. Lámínéètì kò lé ásíìdì yẹn jáde, ńṣe ló sé e mọ́lé. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ tún burú jù: bí iná bá ti kàn án, á dúdú kanlẹ̀, ẹ ò ní rí nọ́ńbà kan kà.

Ìdílé kan gbé fọ́tò ìgbéyàwó ìyá wọn wá fún mi rí. Wọ́n ti lámínéètì rẹ̀, omi òjò wá gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ọ̀rá náà wú. Ọmọ kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó bó o. Ojú ìyàwó bá ọ̀rá lọ. Aṣọ òkè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n funfun báláú ló kù níbi tí ojú wà. Wọn ò sì ní òmíràn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí pàápàá ti ṣì í ṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1930 sókè, William Barrow àtàwọn mìíràn fi ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní cellulose acetate bo ìwé ìtàn lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tó yá, ọ̀rá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ó ń mú ásíìdì jáde, ó ń rùn bí ọtí kíkan, wọ́n sì di ẹni tó ń fi kẹ́míkà olómi kan, acetone, yọ ọ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan. Tiwọn tilẹ̀ ṣeé yọ. Ti ẹ̀bá títì ńkọ́?

Èyí tí wọ́n bá ti lámínéètì tẹ́lẹ̀, ẹ má bó o, ẹ má gé etí rẹ̀. Ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má sá a sóòrùn. Sẹ́lótéèpù, rárá. Inú àpòòwé funfun ni kí ẹ kó ìyókù sí, inú páálí tó mọ́, kí páálí náà má jókòó sórí ilẹ̀ torí ikán. Bí ẹ bá fi fóònù yà wọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé, ó dáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀.

Ẹ ní ẹ ti ṣa àwọn tó ṣe pàtàkì jáde. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sáàárín ara wọn bí ẹ ṣe bá a. Bí àwọn baba ṣe tò ó pàápàá ń sọ ìtàn. Ìwé owó ẹgbẹ́ tí ẹ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni èmi máa kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ la ti máa rí ẹni tó ń san ṣílè àti pọ́n-ùn kí náírà tó dé ní January 1, 1973, àdúgbò tó ń gbé, iye tí wọ́n dá nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àti ọdún tí orúkọ rẹ̀ dédé dáwọ́ dúró. Fáìlì ìjọba wà ní National Archives ní Kàdúná níbẹ̀ yẹn. Arewa House, ilé ìwádìí ìtàn tí Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) dá sílẹ̀ ní 1970 nínú ilé tí Sardauna, ìyẹn Ahmadu Bello tó ṣe olórí ìjọba Àríwá, gbé, náà ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ohun tí ìjọba fẹ́ mọ̀ nípa wa ni fáìlì ìjọba máa ń sọ: owó orí, ilẹ̀, ẹjọ́. Ìtàn Kàdúná kò lè pé bí àpótí àwọn Gbagyi, Hausa, Igbo àti tiwa kò bá jókòó sórí pẹpẹ kan náà.

Ẹ má kàn já ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, kí wọ́n wá wò ó. Láíbìrì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, wọ́n sì lè sọ pé àwọn ò ní gba òmíràn. Ìwé àdéhùn wà tí ẹ jọ máa fọwọ́ sí, tó máa sọ bóyá ẹ fún wọn pátápátá tàbí ẹ yá wọn, àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà fún ọdún mélòó. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa fọwọ́ sí i, gbogbo olóyè ẹgbẹ́ ni. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 kan orúkọ àti àìsàn àwọn tó ṣì wà láàyè nínú ìwé yín. Bákan náà, ẹni tó ni fọ́tò lọ́wọ́ lè má jẹ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó.

Lọ́jọ́ Sunday yìí, ẹ kó àwọn fọ́tò tí ẹ ò mọ ojú inú wọn lọ bá ìyá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa dárúkọ, kí ẹ sì máa kọ ọ́ jẹ́jẹ́ sẹ́yìn fọ́tò, létí. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò.