Kí ló sọ ọṣẹ olómi mi di omi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọṣẹ olómi ni mò ń ṣe tà. Èròjà ọṣẹ tí mò ń lò ni Texapon àti sulphonic acid tí mo ti fi caustic soda pa agbára rẹ̀, iyọ̀ ni mo sì fi ń mú un ki. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọṣẹ náà ṣe bàìbàì, wọ́n ní kí n da spirit sí i. Ó mọ́ gaara lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣàn bí omi. Mo fi iyọ̀ kún iyọ̀, ńṣe ló tún dojú rú. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ iyọ̀ dúró ná.

Ẹyọ èròjà ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní orí, ó sì ní ìrù. Orí fẹ́ràn omi. Ìrù dà bí ọ̀rá, ó ń sá fún omi. Bí èròjà náà bá ti tó ìwọ̀n kan, àwọn ìrù á kó jọ sínú, orí á yí wọn ká. Ìdìpọ̀ yìí là ń pè ní micelle. Fún SDS, tó jẹ́ ẹbí Texapon, ìwọ̀n ọ̀hún tó gíráàmù 2.3 nínú lítà omi kan. Ọṣẹ tiyín ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí náà spirit kò pa micelle inú rẹ̀ run. Ó gé wọn kúrú ni.

Gígùn micelle ló ń mú ọṣẹ ki. Iná mànàmáná irú kan náà ló wà lára àwọn orí, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Iyọ̀ ló ń pẹ̀tù sí i: orí á sún mọ́ra, micelle roboto á gùn bí ekòló, wọ́n á sì lọ́ mọ́ra bí òwú tó ta kókó. Omi tí ethanol, ìyẹn ọtí inú spirit, ti wọ̀ kì í lé ìrù bíi tàtẹ̀yìnwá, ìrù kò kánjú kó jọ mọ́, ekòló á já wẹ́wẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọtí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Dodecanol, tí ìrù tirẹ̀ gùn, inú micelle gan-an ló ń wọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ó tètè ṣù.

Iyọ̀ náà ní ààlà. Tó bá ti pọ̀ jù, ọṣẹ á tún ṣàn, á sì dojú rú, torí èròjà rẹ̀ ń ya kúrò lára omi.

Ẹ po ọṣẹ tuntun tí kò ní spirit, tí kò sì ní iyọ̀. Ẹ máa bu ti àtijọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ife, kí ẹ tó dán an wò nínú garawa. Bí ẹ bá rí betaine, èròjà ọṣẹ mìíràn, ẹ fi sí i: orí tirẹ̀ ń jókòó sáàárín orí Texapon, micelle á gùn láìgba iyọ̀ púpọ̀. Ní ti bàìbàì àkọ́kọ́ yẹn, lọ́fínńdà ni mo fura sí. Ẹ máa po ó mọ́ Texapon kí ẹ tó da omi sí i, kí epo inú rẹ̀ lè ráyè wọ inú micelle.

Bó bá jẹ́ methylated spirit lẹ lò, ẹ má tún ọṣẹ náà ṣe rárá, ẹ má sì tà á. Methanol lè wà nínú rẹ̀, májèlé tó ń gba awọ ara wọlé ni. Ẹ má sì gbé ọṣẹ náà ka iná nítorí kí spirit lè fẹ́ lọ. Ó lè gbiná mọ́ yín lọ́wọ́.