Ṣé dandan ni kí n gba àyè kí n tó ya ẹni tí n kò mọ̀ rí?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, mo sì máa ń lọ ya fọ́tò ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Bí mo bá gba àyè, àwọn màmá á dúró gbagidi bí ẹni tó wá ya pásípọ́ọ̀tù. Bí n kò bá gba àyè, ẹnìkan á pariwo mọ́ mi. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ gba àyè, àmọ́ kò pọn dandan kí àyè gbígbà ṣáájú fọ́tò nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ń ya ọjà lápapọ̀, tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ tí kò sí ojú kan tó yọ láàárín wọn, kò sí ẹni tí ẹ ó bi. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹnìkan bá ti di ohun tí fọ́tò náà dá lé, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ̀, yálà kí ẹ tó yà á ni o tàbí lójú ẹsẹ̀ tí ẹ yà á tán.

Ní ti ìdúró gbagidi yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ ya èyí tí wọ́n dúró fún, ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ wá wá ibì kan jókòó sí. Kò ní pẹ́ tí oníbàárà á fi dé, màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ, á máa ná ọjà, á sì gbàgbé yín. Ìgbà yẹn gan-an ni fọ́tò tí ẹ ń wá ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé àyè gbígbà ń ba fọ́tò jẹ́, fọ́tò kìíní ni wọ́n máa ń yà tí wọ́n fi ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà lọ́rùn yín ní gbangba; ẹni tó ń yọ ọ́ lábẹ́ aṣọ ti sọ ara rẹ̀ di afurasí. Kí ẹ sì kí oníṣẹ́ bó ṣe yẹ: aláró, "Àrẹ̀dú o", onídìrí, "Ojú gbooro o", ọlọ́jà, "Ajé á wọgbá o." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: "Màmá, bí ẹ ṣe ń ká aṣọ yẹn wù mí. Ṣé kí n yà yín níbẹ̀? Ẹ má wojú mi o, ẹ máa báṣẹ́ lọ." Ẹ sọ ibi tí fọ́tò ń lọ pẹ̀lú, nítorí ìyẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn lẹ́rù. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn dípò kí ẹ fún wọn lówó. Aṣọ ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta ojú; bí ẹ bá sanwó fún ẹnìkan, gbogbo ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e ló máa béèrè.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti yà kí ẹ tó béèrè, lẹ́ńsì 35mm ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8, kí ẹ pa autofocus tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí mítà 3. Lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm), ohun tó bá wà láti nǹkan bíi mítà 2 sí 7 ló máa hàn kedere. Ẹ fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá; ní 1/60, ọwọ́ tó ń ká aṣọ á ti di ìkùukùu. Ẹ má fi lẹ́ńsì 200mm tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra yà wọ́n láti òdìkejì títì, amí ni wọ́n máa pè yín. Bí ẹ bá yà á tán, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò ṣe nǹkan kan: ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ lọ bá a, ẹ fi hàn án.

Ohun mìíràn wà tí àyè gbígbà ń ṣe. Lábẹ́ agboòrùn pupa, ojú màmá á pupa. Bí ẹ bá tún white balance (ètò àwọ̀ inú kámẹ́rà) ṣe torí ojú rẹ̀, títì tó wà lẹ́yìn á yí àwọ̀. Ẹni tó ti gbà kí ẹ ya òun ni ẹ lè sọ fún pé kó sún síwájú díẹ̀, sí etí òjìji. Bí títì tó mọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà á sọ ojú rẹ̀ di dúdú jù. Ẹ fi exposure, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ fọ́tò, kún un, +2/3 sí +1.

Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ wọ inú Recently Deleted kí ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, torí ó ṣì máa ń wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 30 ọjọ́. Ẹ má bá a jiyàn òfin. Bí ariwo bá sọ, ẹ má sáré o. Ẹ dúró, ẹ gbé kámẹ́rà wálẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Bó bá sì jẹ́ pé léraléra lẹ ó máa lọ, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó gbà kí ẹ ya òun kò tíì gbà kí ẹ fi òun polówó ọjà. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, kò yọ ìpolówó ọjà. Fún irú èyí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́, ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ kà á sí i létí ní Yorùbá, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọdé kò lè fún yín láyè fúnra rẹ̀. Òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi, kí ẹ sì ṣọ́ra fún báàjì ilé ìwé tó wà láyà aṣọ rẹ̀. Egúngún, atókùn ni kí ẹ bi. Bárékè àti àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má yà wọ́n rárá. Lọ́jọ́ orò, ẹ fi kámẹ́rà sílé.