Table Mountain: ẹ má fi í sí ọjọ́ ìkẹyìn

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn-àjò o. Ẹ ní ṣé kí ẹ wọ ọkọ̀ orí wáyà ni àbí kí ẹ fẹsẹ̀ gun Table Mountain ní Cape Town, àti pé ìgbà wo ló dára jù.

Atẹ́gùn ló ni àṣẹ níbẹ̀. Bó bá le, ọkọ̀ kò ní gbéra, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn yòò nísàlẹ̀. Lásìkò ooru wọn, láti bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, atẹ́gùn gúúsù ìlà-oòrùn máa ń ti ìkùukùu wá bo orí òkè náà. Á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì máa ṣàn wálẹ̀ létí rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Ó rẹwà lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀, àmọ́ ẹni tó wà lókè kò ní rí ìlú rárá. Torí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ tètè jáde láàárọ̀.

Ní ti ọkọ̀, ilẹ̀ inú rẹ̀ ń yí po bó ṣe ń gòkè, ẹ má wulẹ̀ du ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ẹsẹ̀ yín bá gbà á, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Platteklip Gorge ló tààrà jù, ṣùgbọ́n òkúta lẹ óò máa tẹ̀ gùn títí dé òkè. Ẹ gbé omi dání dáadáa, àti ẹ̀wù òtútù, torí òkè náà ga ju 1,000 mítà lọ.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ rìn kúrò láàárín èrò. Ẹ óò rí òkè Lion's Head, èbúté, àti Robben Island nínú òkun lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n ti Mandela mọ́ fún ọdún 18. Ẹ má kánjú níbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.