Ẹ má tíì já fáíbà yẹn, ẹ ní kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa ní Básìrì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà tí ẹ fà sílé, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé gba inú okùn wọlé, ń kú ṣáá, wọ́n á wá tún un ṣe, kò ní pẹ́ á tún lọ, òjò ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú já a. Mo jẹ irú ìyà yìí ní Ajílosun níbí, nínú Adó-Èkìtì kan náà. Àtilé ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó wọn, nítorí náà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, oúnjẹ mi ló lọ yẹn. Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ má tíì já a. Fáíbà tó ń kú lemọ́lemọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló sábà máa ń bàjẹ́. Àìsàn àkọ́kọ́ yẹn ni wọn ò wò tán.

Tó bá ti lọ, iná ara ẹ̀rọ tí okùn fáíbà wọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí iná LOS bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ò wọlé dáadáa mọ́ nìyẹn: okùn já, tàbí ó ká kọ́ níbì kan, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ti bàjẹ́. Tí LOS ò bá tàn, tí iná PON, tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ tiwọn, dúró gbọn-in, síbẹ̀ tí ẹ ò rí nǹkan kan ṣí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún tàbí nínú àkáǹtì yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún mi mọ́ pé kí n pa rọ́tà kí n tún un tàn.

Ní tèmi, gbogbo ẹni tí wọ́n rán wá, inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé ẹnu okùn, wọ́n á fi orí tuntun sí i, wọ́n á wo bó ṣe ń sáré lórí fóònù, wọ́n á lọ. Títí ọmọkùnrin kan fi dé, tó mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ jáde nínú báàgì. Ó gun òpó lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀: −19. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ̀n ọ́n nínú pálọ̀: −29. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń jìn sí òdo ni ìmọ́lẹ̀ ń kéré sí i, àti pé tó bá ti kọjá −27, ẹ̀rọ ilé á kàn máa tiraka ni. A wá jọ tọ okùn náà láti òpó. Lábẹ́ òrùlé aládùúgbò mi la ti bá a: àwọn tó fà á níjọ́ kìíní ti fi ìṣó há a mọ́ igi, ó ṣẹ́ kọ́rọ́ síbẹ̀. Gíláàsì ló wà nínú okùn yẹn, bó bá ti ṣẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ á máa jáde lójú ibẹ̀. Tí atẹ́gùn òjò bá fẹ́, á tún fà á sí i. Wọ́n pààrọ̀ okùn náà láti òpó wọlé, wàhálà yẹn sì tán.

Ti àtúnṣe tó ń falẹ̀, ẹ di nọ́ńbà ìfisùn yín mú, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ náà fún ẹjọ́ tí ẹ fi sùn. Wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ti yanjú rẹ̀, nígbà tí LOS ṣì pọ́n. Ẹ fèsì lórí nọ́ńbà yẹn gan-an, ẹ má gba òmíràn, torí nọ́ńbà tuntun ló ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé àná ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe 622. Ti NCC ni, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà. Ní 2025, NCC pàṣẹ pé tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ káàkiri ju wákàtí 24 lọ, kí wọ́n san nǹkan padà fún oníbàárà, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ tó ti sanwó fún. Ẹ má fi ìyẹn bá wọn jà lórí ilé kan ṣoṣo, ìdádúró ńlá ló wà fún. Ohun tó tún ṣiṣẹ́ fún wa ni pé gbogbo àwa tí okùn wa ti ara òpó kan wá, títí kan ìyá tó ń ṣe POS ní ìkòríta, jọ fi ẹjọ́ sùn lọ́jọ́ kan náà, a sì kọ nọ́ńbà òpó sí i.

Àwọn ìbàjẹ́ kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gun òpó. Inú mi dùn nígbà tí ìjọba Èkìtì dín owó fífa okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kù ní 2020, láti náírà 4,500 sí 145 fún mítà kan. Ṣùgbọ́n katakata tó ń ṣe ọ̀nà ò mọ̀ pé nǹkan wà nílẹ̀, á kàn já okùn náà ni, bẹ́ẹ̀ Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí àṣẹ ní 2024 tó sọ irú okùn wọ̀nyí di ohun tí òfin ń dáàbò bò. Ó ń dùn mí. Tí wọ́n bá sun igbó ní ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, mo ti rí okùn tó yọ́ rọ̀ lára òpó lọ́nà Ìwòrókò. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ní dátà nínú fóònù, ẹ sì ra UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ, fún rọ́tà, kí iná tó lọ má bàa dà pọ̀ mọ́ fáíbà tó bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá tún wá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ pálọ̀ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ lórí òpó, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nínú ilé. Tí ẹni tó wá ò bá ní ẹ̀rọ yẹn, ẹ ní kí wọ́n rán ẹni tó ní in. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo máa bá yín wò ó.