Ẹ mu ẹ̀fínrín yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi orí bo ìkòkò tó ń hó

Àbúrò mi ní Ìpẹru, ẹ kú ara líle. Mo ka ohun tẹ́ẹ kọ pé ọjọ́ kẹta rèé tí ọ̀fìnkìn ti dá yín gúnlẹ̀, tí imú dí pa. Ẹ ń bèèrè bóyá àárọ̀ ni kí ẹ máa mu àgbo ẹ̀fínrín ni tàbí alẹ́, àti bóyá kí ẹ fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí àpá rẹ̀ ṣì wà ní itan mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo ra ẹ̀fínrín àti ewé tíì lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ kan ní Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní kí n mu díẹ̀, kí n fi ooru èyí tó kù gbá imú. Mo gbé ìkòkò kúrò lórí sítóòfù, ó ṣì ń hó, mo gbé e ka orí àpótí, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ara mi mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tù mí lára, imú ti ń là. Àfi bí mo ṣe sín. Mo tún sín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbé mi nílẹ̀, orúnkún mi gbá àpótí, gbogbo omi náà sì dà sí mi nítan. Búláńkẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí n tètè jáde. Ìró mi mu omi gbígbóná yẹn, ó lẹ̀ mọ́ mi lára, ewé ẹ̀fínrín náà lẹ̀ pẹ́tí. Nígbà tí mo fa ìró, awọ bá a lọ.

Ìyá tó wà ní yàrá kejì sáré gbé àdín dé. Ẹlòmíràn fọ́ ẹyin lé e. Mi ò bá wọn jà, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gba káàdì, ẹni tó ń gbowó káàdì kò sì ní ṣéńjì! Èmi tí mo gbá itan mú! Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ẹyin ti gbẹ mọ́ ojú egbò, ńṣe ló ń fi gọ́ọ̀sì ha á kúrò, tó ń sọ pé, “Ẹ̀yin alágbo, ẹ ò ní gbọ́.” Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń lọ pààrọ̀ báńdéèjì. Ọjọ́ kẹta ni ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tó sọ fún mi pé omi tútù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i, omi ẹ̀rọ lásán, kó máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe àdín, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti rí dókítà kan ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kọ kápúsù pupa-àti-yẹ́lò fún mi. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, bakitéríà ni kápúsù yẹn ń pa, kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Ká ní ó sọ pé nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni yóò fi lọ fúnra rẹ̀, kí n sinmi, kí n máa mu omi dáadáa, kí ni mo fẹ́ máa wá lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì?

Bí wọ́n ṣe ń se àgbo náà, ẹ ti mọ̀: ẹ̀fínrín tí ẹ fi iyọ̀ fọ̀ dáadáa, atalẹ̀ díẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mi ò ní purọ́ pé ó ń lé ọ̀fìnkìn lọ. Ó ń tu ọ̀fun lára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi ògógóró rẹ ẹ́, pàápàá tẹ́ẹ bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù, ẹ̀dọ̀ lẹ máa fi san án. Wọ́n á tún ní kí ẹ má fẹnu kan gàrí Ìjẹ̀bú tútù. Tó bá wù yín, ẹ mu ún.

Ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ má fún un ní oyin rárá, àfi tó bá pé ọdún kan, torí kòkòrò àìfojúrí tó lè wà nínú rẹ̀ lè ṣe májèlé nínú ìfun ọmọ, kí iṣan ọmọ sì rọ. Ẹ má fi róòbù kan ihò imú rẹ̀. Ọyàn ni kí ẹ máa fún un. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tó kọ ọyàn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ máa bú yín.

Ẹ̀yin yòókù tó ń kà á, ikọ́ tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fínrín mọ́. Ẹ lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Hẹn-ẹ́n, àárọ̀ tàbí alẹ́. Alẹ́ ni mo ń mu tèmi, torí alẹ́ ni imú ń dí jù: kọ́ọ̀bù kan, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, lórí tábìlì tó jìnnà sí ibi tí ọmọ lè na ọwọ́ dé.