Euphonium tó ń ga nísàlẹ̀: ṣé ọmọ ni àbí fèrè?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Èmi ni mò ń darí bándì ìjọ wa ní Iléṣà. Wọ́n fún wa ní euphonium àlòkù kan, fèrè idẹ ńlá tó ń dún wálẹ̀ ju trumpet lọ, valve mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀ ló ní, mo bá gbé ọmọkùnrin kan tó ń fọn trumpet dáadáa sídìí ẹ̀. Tòkè ò ṣòro fún un, àmọ́ tó bá ti kan re ìsàlẹ̀ àti so ìsàlẹ̀, tiẹ̀ á ga ju ti gbogbo wa lọ. Tá a bá sì fọn orin méjì báyìí, ètè ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé ọmọ ni àbí fèrè? Àbí kó lọ kọ́ bass clef, àmì tí wọ́n fi ń kọ orin ohùn ìsàlẹ̀, ni? Ìkórè wa ti sún mọ́ o.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bàǹdìmásítà. Méjèèjì ni. Ohùn tó ń ga yẹn, fèrè ni, ẹ má bá ọmọ wí. Ètè tó ń rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni tiẹ̀.

Lórí treble clef, àmì orin tó ti ń kà fún trumpet, ìka tó fi ń tẹ trumpet náà ló máa fi tẹ euphonium, octave kan péré (láti do dé do) ló fi wálẹ̀ sí i. Re àti so ìsàlẹ̀ yẹn, valve kìíní àti ìkẹta ló ń tẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Páìpù euphonium gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, wọ́n sì wọn páìpù valve kọ̀ọ̀kan fún ìgbà tí èèyàn ò tíì tẹ òmíràn mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ ìkẹta, fèrè ti gùn sí i, páìpù ti ìkíní ò wá tó o mọ́, bíi kí télọ̀ gé ṣòkòtò fún ọmọ kí wọ́n wá ní kí bàbá ẹ̀ wọ̀ ọ́. Páìpù kúrú, ohùn bá ga. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó tún burú jùyẹn lọ. Trumpet náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ní òrùka lára slide kẹta, ìyẹn páìpù valve kẹta tó ṣeé fà jáde, téèyàn fi ń tì í síta bó ṣe ń fọn lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe oní-valve mẹ́rin: ìkẹrin nìkan á ṣiṣẹ́ ìkíní àti ìkẹta, ìkejì àti ìkẹrin á ṣiṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. David Blaikley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní compensating ní 1874, ó fi páìpù kéékèèké míì kún un tí afẹ́fẹ́ tún máa gbà kọjá, àmọ́ owó ẹ̀, hẹn, ká fi sílẹ̀ jàre.

Ẹ wa tuner, ohun tó ń sọ bóyá ohùn ga tàbí ó wálẹ̀, sórí fóònù yín. Kó kọ́kọ́ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú fèrè láìjẹ́ kó dún, kó lè gbóná, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí fèrè tútù máa ń dún wálẹ̀, bó bá ṣe ń gbóná lá máa gòkè. Lẹ́yìn náà kó fọn do láìtẹ nǹkan kan, Bb ni tuner gbọ́dọ̀ sọ. Tó bá ti dúró síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan slide ńlá, èyí tó ń yí ohùn gbogbo fèrè pa dà, mọ́ o! Ohun táwọn bàǹdìmásítà máa ń ṣe nìyẹn, re ga, wọ́n á fa slide ńlá, gbogbo èyí tó dáa tẹ́lẹ̀ á wá bà jẹ́ nítorí ẹyọ kan. Slide valve kẹta ni kẹ́ ẹ fà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún gbọ́ àwọn ohùn tó ń lo ìkejì àti ìkẹta, torí ìyẹn náà á wálẹ̀, ibi tí méjèèjì bá ti ṣeé gbọ́ sétí ni kẹ́ ẹ dá a dúró sí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó fi ètè rọ̀ ọ́ wálẹ̀.

Tí do fúnra ẹ̀ ò bá dúró, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa jò. Ẹ wo ìdí mouthpiece (èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́nu fọn), ṣé kì í ṣe ti trombone ni wọ́n wé sẹ́lótéèpù mọ́ kó lè dúró? Mo rí i dáadáa. Ìdí mouthpiece ní kékeré, ó ní àárín, ó ní ńlá, ẹ wá èyí tó bá fèrè yín mu. Tẹ́ ẹ bá sì fa slide valve kan jáde láìtẹ valve ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó dún "pọ́". Tó bá dákẹ́, valve yẹn tàbí slide ẹ̀ ló ń jò.

Ó wá ku ọmọ. Ó ń fọn euphonium bíi trumpet ni, ó ń fún ètè pọ̀, ó sì ń tẹ mouthpiece mọ́ ẹnu. Tó bá gbé fèrè kúrò lẹ́nu, ẹ wo ètè ẹ̀, tí òrùka bá jìn síbẹ̀ tí ò tètè lọ, ẹ̀rí nìyẹn. Mouthpiece yìí tóbi, ètè láyè nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń fẹ́, kì í ṣe agbára. Kó mí kanlẹ̀ sí ìkùn, kó má fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó fa do kan gùn títí afẹ́fẹ́ á fi tán, kó sinmi níwọ̀n ìgbà tó fi fọn ọ́, kó tún fa ohùn "ti" tó wà nísàlẹ̀ do. Ẹ wo bó ṣe jókòó náà o. Tó bá jẹ́ pé ó ń tẹ ọrùn bá mouthpiece, ẹ ká aṣọ tàbí kẹ́ ẹ fi ìwé orin sábẹ́ fèrè lórí itan ẹ̀, kí mouthpiece wá bá ẹnu ẹ̀ níbi tó wà.

Bass clef ńkọ́? Kó dẹ̀yìn ìkórè. Níbẹ̀, bó bá ṣe dún gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́, C tó mọ̀ lónìí á wá di Bb, tẹ́ ẹ bá kó ìyẹn lé e lórí báyìí á kàn dàrú mọ́ ọn lójú. Tó bá wá tó àkókò, ẹ lọ béèrè ní Ẹ̀ka Orin OAU bóyá ẹ máa rí ẹni tó máa kọ́ ọ, Iléṣà sí Ifẹ̀ ò kúkú jìnnà.